Ẹni tó ń wádìí àti ẹni tó ń yàn: iṣẹ́ business analyst àti ti product manager

Business analyst ni ẹni tí ilé-iṣẹ́, báńkì tàbí ìjọba gbà láti wádìí bí iṣẹ́ kan ṣe ń lọ, kó mọ ibi tó ti ń kọsẹ̀, kó sì ṣàlàyé yékéyéké ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí iṣẹ́ náà lè gún. Product manager ni ẹni tí wọ́n fa ọjà kan lé lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ áàpù, ẹ̀rọ POS tàbí ọṣẹ ìfọṣọ, pé kó pinnu irú ọjà tí yóò jẹ́, ẹni tí wọn yóò ṣe é fún, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ ṣe, àti ohun tí wọn kò ní ṣe rárá. Àwọn méjèèjì ń fọ̀rọ̀ wá oníbàárà lẹ́nu wò, àwọn méjèèjì ń kọ ìwé, wọ́n sì jọ ń jókòó sí ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ fi ń rò pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ ní orúkọ méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí kálukú yóò dáhùn fún lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Business analyst yóò dáhùn fún bóyá òun lóye ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí gan-an. Product manager yóò dáhùn fún bóyá ohun tí òun yàn ló yẹ kí òun yàn.

Ní Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ àtijẹ. Ìlú náà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọ̀nà Ìwòrókò, ó ní Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, ó sì ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀ tó kó kúrò ní Jos wá síbẹ̀ ní 1982. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dín owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kù sí náírà 145 lórí mítà kan, iye tí àwọn gómìnà ti fẹnu kò lé lórí láti 2013 àmọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tẹ̀ lé. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà náà ti fọwọ́ sí mílíọ̀nù 80 dọ́là fún Ekiti Knowledge Zone, ọgbà tí wọ́n ń retí kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wá tẹ̀dó sí nítòsí Adó. Ọmọ tó bá jáde ní ọ̀kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí lè jókòó sí àdúgbò Fájuyì ní Adó lónìí kó máa ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ méjèèjì yìí yóò wà lára ohun tó máa rí nínú ìpolówó, ó sì yẹ kó mọ èyí tó ń forúkọ sílẹ̀ fún.

Inú ọ́fíìsì ńlá ni iṣẹ́ business analyst ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọ́fíìsì ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ọ̀gá ọ́fíìsì mọ iṣẹ́ rẹ̀ àmọ́ kò mọ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀rọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì. Ẹnìkan ní láti dúró láàárín. Ní 2003 ni àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ wọn, IIBA, sílẹ̀ ní Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà, ìwé atọ́nà wọn tí wọ́n ń pè ní BABOK sì dé ẹ̀dà kẹta ní 2015.

Ètò owó ìrànwọ́ àwọn arúgbó ní Èkìtì dára láti fi wo bí iṣẹ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ní 2011, nígbà ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí fún arúgbó aláìní tó ti pé ọdún 65 ní náírà 5,000 lóṣooṣù. Lẹ́nu, ètò náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ wọlé, àwọn ìbéèrè náà sì ni business analyst wà fún.

Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó pé 65? Ẹni tó pé ọjọ́ orí yẹn ní 2011 ti gbọ́dọ̀ dé ilé ayé ní 1946 tàbí ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ìyá tó bímọ sí abúlé lẹ́yìn Ìyìn tàbí Ìgèdè láyé ìgbà náà kì í sábà gba ìwé ẹ̀rí ìbí. Àgbàlagbà máa ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Ọ̀kan á ní òun ti ń rìn nígbà tí Ọba Aládésanmí Kejì gorí ìtẹ́ Ẹ̀wí ti Adó. Òmíràn á ní ìgbà ogun Hitler ni wọ́n bí òun. Ẹni tó mọ ìtàn mọ̀ pé 1937 ni Aládésanmí jọba, pé ogun náà sì parí ní 1945, nítorí náà àwọn méjèèjì ti kọjá 65. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ẹ̀rí báyìí ṣe é gbà, kó sọ ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i, ìbáà jẹ́ baálẹ̀, àlùfáà tí ìwé ìrìbọmi wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kóòtù, kó sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì kò bá dọ́gba.

Orúkọ ní wàhálà tirẹ̀. Obìnrin kan lè máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ìwé kan, orúkọ ọkọ nínú òmíràn, kí gbogbo àdúgbò sì máa pè é ní Ìyá Fúnmi. Ìtẹ̀ka ńkọ́? Ẹni tó ti fi ogójì ọdún di ọkọ́ mú, ìka rẹ̀ lè ti dán débi pé ẹ̀rọ kò ní rí ìlà kankan kà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ètò náà kalẹ̀ pé ẹni tí ìtẹ̀ka rẹ̀ kò bá wọlé kò ní gbowó, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n tìtorí wọn ṣe ètò náà ni yóò kọ́kọ́ pàdánù. Bí arúgbó bá sì kú, ta ni yóò sọ fún ọ́fíìsì, láàárín ọjọ́ mélòó, kí ni wọn yóò sì ṣe sí owó tó ti wọlé lẹ́yìn ikú rẹ̀? Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò lè rin ìrìn àjò dé ibi ìsanwó, ṣé ọmọ rẹ̀ lè gbà á fún un? Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ọmọ náà gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Business analyst á lọ bá akọ̀wé ọ́fíìsì, á lọ bá ẹni tó ń sanwó, á sì lọ bá àwọn arúgbó fúnra wọn, nítorí ohun tí ọ̀gá sọ pé wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń ṣe ní ti gidi kì í sábà jẹ́ ọ̀kan. Á ya bí ìwé ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Lẹ́yìn náà á kọ òfin kọ̀ọ̀kan lọ́nà tó ṣe é dán wò, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà náà bá parí, wọ́n lè mú arúgbó tí kò ní ìtẹ̀ka wá síwájú rẹ̀ kí wọ́n rí i bóyá owó rẹ̀ yóò jáde. Kò kàn án láti ní kí 65 di 60, tàbí kí 5,000 di 10,000. Gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ni ìyẹn. Tirẹ̀ ni pé kí wọ́n mọ ohun tí ìpinnu wọn yóò ná wọn, àti ẹni tí yóò já sílẹ̀ bí wọ́n bá gbé e gba ibì kan. Iṣẹ́ ńlá ni. Bó bá dára, ojú kì í rí i. Ìgbà tí kò bá sí ni aráàlú máa ń mọ̀, lórí ìlà tí wọ́n ti tò sí láti òwúrọ̀.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ product manager gbà wá yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ló bí i. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1931, Neil McElroy, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ìpolówó ọṣẹ Camay ní ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé olójú-ewé mẹ́ta sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni Ariel àti Pampers tí àwọn ìyá ní Èkìtì mọ̀ dáadáa. Nígbà náà, Ivory, ọṣẹ mìíràn tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, ni gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọjú sí. Camay kò ní alágbàwí. McElroy dá a lábàá pé kí wọ́n fa ọṣẹ kọ̀ọ̀kan lé àwọn èèyàn tirẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n máa tọpa bó ṣe ń tà láti àgbègbè dé àgbègbè, kí wọ́n wá ìdí tí kò fi tà níbi tí kò ti tà, kí wọ́n sì dáhùn fún un. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gba àṣà náà, wọ́n sì fi iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kún un.

Ohun tí ìdájọ́ product manager jẹ́ hàn nínú ìtàn PiggyVest. Ní òpin ọdún 2015, obìnrin kan fi àwòrán kóló onígi rẹ̀ sórí Twitter: náírà 1,000 ló ń jù sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tó jáde ní Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà rí i, wọ́n sì gbé áàpù ìfowópamọ́ kan jáde ní 2016 tí wọ́n pè ní Piggybank. Ní 2019 ni wọ́n sọ ọ́ di PiggyVest. Kíkọ áàpù náà kọ́ ló le jù. Bí wọ́n bá bi ẹni tó ń tọ́jú owó pé kí ló fẹ́, ọ̀pọ̀ ni yóò ní àwọn fẹ́ gba owó àwọn nígbàkigbà tó bá wu àwọn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó mú kóló wúlò gan-an ni pé kò ṣe é ṣí láìfọ́ ọ. Òun náà ló gbé alájọ ró láyé àwọn bàbá wa: owó ti kúrò lọ́wọ́ olówó títí oṣù yóò fi parí. Áàpù náà yan ìwọ̀nba ọjọ́ nínú ọdún tí èèyàn lè gba owó rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn tó ṣe é fi ohun tí ẹnu oníbàárà lè béèrè sílẹ̀, wọ́n di ohun tí ìwà rẹ̀ fi hàn mú. Kò sí àṣẹ kankan láti òkè tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní àwọn èèyàn kọ̀ ọ́ ni, wọn kò ní rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù.

Marty Cagan, ará Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ yìí ń ka ìwé rẹ̀, ní ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí wọ́n yanjú kí wọ́n tó ṣe ọjà kan: ṣé àwọn èèyàn yóò fẹ́ ẹ, ṣé wọn yóò mọ̀ ọ́n lò, ṣé ó ṣe é ṣe, ṣé ilé-iṣẹ́ yóò lè gbé e? Business analyst lè ṣèrànwọ́ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá èyí tó kẹ́yìn, tí òfin, ìṣirò owó àti ìlànà ilé-iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ rárá, ọrùn product manager ló wà.

Wọn kì í sábà pín iṣẹ́ náà sí méjì tó dọ́gba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan náà bá délẹ̀ fún àwọn méjèèjì ni ìyàtọ̀ máa ń hàn, ọ̀rọ̀ POS sì jẹ́ ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbowó ní Ọjà Ọba ní Adó mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, pàṣẹ pé oníbàárà kan kò gbọdọ̀ gba ju náírà 100,000 lọ lọ́jọ́ kan lọ́wọ́ àwọn oní-POS, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún aráàlú, àti pé gbogbo owó tí oní-POS kan yóò san fún èèyàn lọ́jọ́ kan kò gbọdọ̀ ju náírà 1,200,000 lọ.

Bí ìwé yẹn bá dé ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ, business analyst á jókòó tì í. Ìgbà wo ni ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣé aago méjìlá òru ni tàbí ìgbà tí oní-POS ṣí ṣọ́ọ̀bù? Ẹni tó ní káàdì báńkì méjì, ṣé oníbàárà kan ni tàbí méjì? Nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, BVN, lè so káàdì méjèèjì pọ̀ mọ́ ẹnìkan, àmọ́ ṣé ẹ̀rọ POS máa ń rí BVN? Bí èèyàn bá gba 60,000 ní Fájuyì lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan, tó tún fẹ́ gba 60,000 ní Ọjà Ọba lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn, ta ni yóò kọ̀ fún un, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kejì kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ èkíní? Báńkì tó ni káàdì ló lè mọ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni ìdíwọ́ náà gbọ́dọ̀ ti wá. Owó tí wọ́n yọ lákáǹtì àmọ́ tí kò jáde, tí wọ́n dá padà lọ́jọ́ kejì, ṣé wọn yóò kà á mọ́ ọn? Kí ni yóò hàn lójú ẹ̀rọ? Bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó kò tó, oníbàárà tó mọ̀ pé owó òun tó yóò fa ìjà pẹ̀lú ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Ẹ̀gbẹ́ mìíràn ni product manager yóò ti wo ìwé kan náà. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ méjì sí mẹ́ta ló sábà ń wà lórí tábìlì oní-POS kan nígbà tí àṣẹ náà jáde, ti Moniepoint, ti OPay, ti PalmPay, èyí tí kì í bá já kulẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ nawọ́ mú. Lọ́jọ́ tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bá wọlé, oní-POS tí ọjà rẹ̀ yá lè kan 1,200,000 kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí ni ilé-iṣẹ́ yóò ṣe fún un lẹ́yìn ìyẹn? Wọ́n lè jẹ́ kó máa rí iye tó ṣẹ́kù fún un láti òwúrọ̀. Wọ́n lè ràn án lọ́wọ́ kó máa jẹ èrè lórí owó iná, káàdì ìpè àti owó fífi ránṣẹ́, tí òfin ìgbowó kò kàn. Wọ́n lè fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò pọ̀ tó láti ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Product manager ni yóò mú ọ̀kan, yóò sọ fún àwọn tó kù nínú ilé-iṣẹ́ pé ẹ dúró ná, yóò sì máa wo àkọsílẹ̀ lóṣooṣù bóyá àwọn oní-POS ń lo ohun tó yàn tàbí wọ́n ti kọjá sí ẹ̀rọ mìíràn. Bó bá ní kí wọ́n máa fi iye tó ṣẹ́kù hàn, business analyst tún ní ọ̀rọ̀ láti sọ: ibo ni iye náà yóò ti wá, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò sì fi pẹ́ kó tó bọ́ sípò?

Moniepoint fúnra rẹ̀ ti rin láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. TeamApt ni wọ́n ń pè é nígbà tí Tósìn Ẹniọlọ́rundá àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní 2015, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn báńkì. Báńkì ló mọ ohun tó fẹ́. Tiwọn ni láti gbọ́ ọ yé kí wọ́n sì ṣe é bó ti yẹ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Moniepoint jáde gẹ́gẹ́ bí ọjà tiwọn fún àwọn oní-POS, ní 2023 sì ni orúkọ ọjà náà di orúkọ ilé-iṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bọ́ sí ìgboro ni kò ti sí báńkì kankan tí yóò kọ ohun tó fẹ́ sínú ìwé fún wọn mọ́.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti ń dun aráàlú jù ni iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó fẹ́ san owó orí ní Èkìtì kò ní ọ́fíìsì owó orí mìíràn tó lè sá lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe ìdánwò JAMB kò ní JAMB kejì. Nítorí pé kò sẹ́ni tó lè kúrò níbẹ̀, ìjọba máa ń rò pé business analyst tó, kí kọngílá kọ ètò náà bí ìwé ṣe wí, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn ọdún méjì, nọ́ńbà ìpè inú rẹ̀ kò lọ mọ́, òfin ti yí padà, ojú ewé kan kò ṣí lórí fóònù kékeré tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, kò sì sí ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bójú tó ìyẹn. Gbogbo ohun tí ìwé béèrè ni wọ́n ṣe. Ẹni tí yóò máa ni ín lẹ́yìn ìfilọ́lẹ̀ ni wọn kò yàn. Orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ti rí èyí. Láti 2011 tí wọ́n ti dá ẹ̀ka Government Digital Service sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fi product manager sídìí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí aráàlú ń lò, business analyst náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ kí owó tó ń ná sórí kọ̀ǹpútà má ṣòfò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ kékeré, ẹnìkan ṣoṣo ló sábà ń ṣe méjèèjì. Kò burú, bí ẹni náà bá mọ ìgbà tí òun ń wádìí àti ìgbà tí òun ń yàn, nítorí ẹni tó ti yàn kó tó wádìí yóò máa wá ẹ̀rí tó gbe ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ nìkan ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé ìlànà ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Scrum tún ní ẹni kẹta tí wọ́n ń pè ní product owner, tó ń to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Níbì kan, product manager ló ń ṣe é. Níbòmíràn, business analyst ni wọ́n fún.

Bí èèyàn ṣe ń wọ iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ pẹ̀lú. Business analyst ní ìdánwò tí ayé mọ̀: IIBA ní ECBA fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní CBAP fún ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀, BCS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Gẹ̀ẹ́sì, sì ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gba ọ̀nà yìí kúrò nínú iṣẹ́ agbára wọ ọ́fíìsì. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní káúńtà báńkì, ní ẹ̀ka ìṣirò owó tàbí ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilé-ìwòsàn ní ohun tí ìwé kò lè kọ́ni: ó mọ ibi tí iṣẹ́ ti máa ń há. Ti product manager kò ní ìdánwò kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń béèrè. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni bóyá èèyàn ti gbé ohun kan jáde rí, kó kéré, àmọ́ kí àwọn èèyàn gidi lò ó, kó sì lè sọ ohun tó kọ̀ láti ṣe àti ìdí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Adó tó bá ṣe ètò kékeré lórí WhatsApp fún àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, tó sì rí i pé wọn kò lò ó, tó wá ìdí rẹ̀, tó tún un ṣe títí wọ́n fi lò ó, ti ń ṣe iṣẹ́ náà.

Business analyst tó bá fẹ́ di product manager ti ní ìdajì lọ́wọ́, nítorí ó mọ ìwádìí. Ohun tó kù ni kó lè fọwọ́ sí ìpinnu nígbà tí ẹ̀rí kò tíì pé, èyí tó nira fún ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé kó má ṣe fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láìdáhùn. Orúkọ tó wà lórí ìpolówó kò sì tó láti fi mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, torí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń gba product manager fún iṣẹ́ business analyst gédégédé. Ẹni tó ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè bi wọ́n pé bí àwọn èèyàn kò bá lo ohun tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe jáde, ta ni yóò sọ ohun tí wọn yóò ṣe tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní ìwọ ni, product manager ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ní ọ̀gá ni, pé tìrẹ ni láti ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi lò ó, business analyst ni.